Ṣé Mítà Ń Sáré?

Bí bazara bá ti dé sí Sókótó, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí ooru ọ̀sán ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, ìbéèrè kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ láti Mabera títí dé Arkilla: ṣé mítà yìí ò ń sáré báyìí? Yúnítì tó gbé ilé kan dé òpin oṣù nígbà ọyẹ́ kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ lọ mọ́. Ẹnì kan á ní ilé-iṣẹ́ iná ló jókòó sí Kàdúná tó ń fi kọ̀ǹpútà fà á. Ẹlòmíràn á ní mítà dúdú ayé NEPA kì í ṣe báyìí, pé àwọn tuntun wọ̀nyí ni wọ́n ti fi ojúkòkòrò sí nínú láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n.

Èmi ò gbà pé mítà ń sáré, àyàfi ní ìgbà díẹ̀ tí a ó mẹ́nu bà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí pé mo sọ ọ́ gbà á gbọ́. Mítà wà lára ìwọ̀nba nǹkan tí onílé lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, láìtú u, láìfọwọ́ kan wáyà kankan, bó bá ṣáà ti mọ ohun tó ń wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí yúnítì. Nọ́ńbà wáàtì tí wọ́n kọ sára áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù tàbí gílóòbù ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń yára jẹ iná tó. Bí ohun tó ń jẹ ẹgbẹ̀rún wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtì kan gbáko, iná tó jẹ ni à ń pè ní yúnítì kan; nínú ìwé, kílówáàtì-wákàtì ni wọ́n ń pè é. Fáànù òkè àjà sábà ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 75, nítorí náà ó lè yí fún wákàtì mẹ́tàlá kó tó jẹ yúnítì kan tán. Kẹ́tù oníwáàtì 2,000 á jẹ ẹ́ tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ní ọjà Sókótó, mudu ni wọ́n fi ń wọn jéró àti ìrẹsì, bí àwa náà ṣe ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n nílé. Owó mudu kan lè gòkè lónìí kó sì wálẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n mudu fúnra rẹ̀ kì í tóbi sí i, kì í sì í kéré sí i. Yúnítì ni mudu iná. Bí ẹni tó ń wọn ọkà púpọ̀ kò bá fẹ́ kí iye rú òun lójú, bó bá ti da mudu kan sínú àpò, á ju òkúta kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òkúta yẹn ni yóò kà nígbẹ̀yìn. Ẹ fi òkúta náà sọ́kàn, nítorí mítà náà ní tirẹ̀.

Wíwọn iná kò rọrùn fún àwọn tó kọ́kọ́ tà á. Nínú àwọn ọdún 1880, nígbà tí Thomas Edison ń ta iná ní New York, ìgò olómi kan tí wọ́n ti irin síńkì bọ̀ ni mítà rẹ̀. Iná tó ń kọjá á máa ṣí síńkì kúrò lára irin kan lọ lẹ̀ mọ́ èkejì, òṣìṣẹ́ á sì wá yọ irin náà lóṣooṣù lọ gbé sórí ìwọ̀n. Oníbàárà kò rí ohunkóhun kà lójú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa san. Ní 1888 Oliver Shallenberger, ẹnjiníà Westinghouse ní Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé irin lílọ́ kékeré kan tó já bọ́ sínú fìtílà iná tó ń tún ṣe ń yí fúnra rẹ̀. Nínú ohun tó rí yẹn ló ti fa mítà oníyíyí yọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ottó Bláthy ní Budapest ṣe irú tirẹ̀, èyí tó jẹ́ baba ńlá mítà NEPA tí ọ̀pọ̀ wa dàgbà bá lára ògiri: àwo alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yí bí iná ti ń kọjá, tó ń kánjú bí a bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná.

Àwo yẹn dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, eruku àti ìpẹtà á máa dá a dúró díẹ̀díẹ̀, iye tó ń kà á sì máa kéré sí iná tí ilé jẹ. Ìdí kan rèé tí mítà tuntun fi ń dà bí olè lójú ẹni tó ti lo ti àtijọ́ fún ogún ọdún: ti àtijọ́ ló ti ń ṣe é lóore láìsọ fún un.

Mítà tòde òní kò ní ohun tó ń yí nínú. Ohun méjì ló ń wò. Àkọ́kọ́ ni agbára tí iná fi ń ti ara rẹ̀ gba inú wáyà, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní fóltéèjì. Nínú orí yìí a ó pè é ní ìtì. Èkejì ni bí iná tó ń kọjá ti pọ̀ tó, a ó pe ìyẹn ní ìṣàn. Láti mọ ìṣàn, ọ̀pọ̀ mítà máa ń mú kí gbogbo iná ilé gba orí irin pẹlẹbẹ kékeré kan kọjá. Irin náà ń dí iná lọ́wọ́ bín-ín-tín, ìdílọ́wọ́ yẹn á sì bí ìtì kékeré kan tó ń ga bí ìṣàn bá ti ń pọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré inú mítà ń wo ìtì àti ìṣàn pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó sì ń ro ohun tó rí pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí àròpọ̀ náà bá ti pé ìwọ̀n kan, mítà á ju òkúta tirẹ̀: iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀ á tàn fìrí lẹ́ẹ̀kan.

Iye òkúta tó wà nínú yúnítì kan kì í ṣe àṣírí. Wọ́n kọ ọ́ sójú mítà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì imp/kWh. Ó lè jẹ́ 1000, ó lè jẹ́ 1600, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà mìíràn. Bó bá jẹ́ 1000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná pupa gbọ́dọ̀ tàn nígbà ẹgbẹ̀rún kí yúnítì kan tó lọ.

Níbí ni ẹ ti lè bá mítà ṣírò. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ sì yọ tẹlifíṣọ̀n, ṣájà àti fíríìjì kúrò lójú iná, torí tẹlifíṣọ̀n tí a fi rìmóòtù pa ṣì ń jẹun. Ẹ wo iná pupa náà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yẹ kó dákẹ́, yálà kó kú pátápátá tàbí kó tàn sójú kan láìṣẹ́jú, bí àwọn tó ṣe é bá ṣe fẹ́. Bó bá ṣì ń tàn fìrí, nǹkan kan ń jẹ iná yín tí ẹ kò mọ̀ sí. Bó bá dákẹ́, ẹ wá tan gílóòbù aláwọ̀ pupa àtijọ́ kan tó jẹ́ wáàtì 60, òun nìkan. Lórí mítà tó jẹ́ 1000, iná pupa máa tàn lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa á, kí ẹ tan kẹ́tù oníwáàtì 2,000 tó kún fún omi. Ẹ ó ka nǹkan bíi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ràn kẹ́tù ju áyọ́ọ̀nù lọ fún iṣẹ́ yìí, torí áyọ́ọ̀nù máa ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá ti gbóná tó, á sì ba ìṣirò jẹ́.

Tí ẹ bá ka mẹ́rìndínlógún péré ńkọ́, dípò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n? Ẹ má tíì yọ̀ pé mítà ń lọ́ra. Ìtì iná ló wálẹ̀. Ọ̀nà tí iná ń gbà wọ Sókótó jìn: láti Kainji, tí wọ́n parí ìdídò rẹ̀ ní 1968, ó ń gba orí wáyà 330,000 fóltì lọ sí Birnin Kebbi, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sórí wáyà 132,000 lọ sí Sókótó. Ìlú tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára bí ìtì bá rẹ̀ ẹ́. Bí ìtì bá sì wálẹ̀ láti 230 sí 160, agbára kẹ́tù kò ní kàn dín díẹ̀, kò ní tó ìdajì mọ́, nítorí pé ìtì tó dínkù ń dín ìṣàn náà kù, a sì ń fi méjèèjì sọ ara wọn di púpọ̀. Omi á pẹ́ kó tó hó. Mítà ò ṣìnà, ó ń ka ohun tó rí. Nítorí náà, ìgbà tí iná bá lágbára dáadáa ni kí ẹ ṣe ìdánwò yìí.

Ìwọ̀n àṣìṣe tí wọ́n sábà ń gbà fún mítà ilé ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sókè tàbí sílẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni NEMSA, ó sì ní ibùdó tó ti ń dán mítà wò ní Oshodi àti ní Kàdúná. Bí ẹ bá ka àádọ́ta dípò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ohun mìíràn kò sì sí lójú iná, ẹ ti ní ẹjọ́ tó dájú lọ́wọ́ láti gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ iná. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Bí mítà kò bá sáré, kí ló wá jẹ yúnítì ní bazara?

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ló ń kó láti inú yàrá lọ dà síta, ooru náà sì ń gba ara ògiri, páànù àti wíńdò padà wọlé. Bí ìta bá ti gbóná ju inú lọ tó ni ooru ṣe ń yára padà tó. Ní ọjọ́ tí ìta jẹ́ 30, tí ẹ fi yàrá sí 24, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 6. Ní ọ̀sán oṣù kẹrin tí ìta di 42, ìyàtọ̀ ti di 18. Ìlọ́po mẹ́ta ooru ló ń wọlé, ìlọ́po mẹ́ta náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó jáde kí yàrá tó lè dúró lórí 24 kan náà. Kò tún tán síbẹ̀: ó nira láti da ooru sí ibi tó ti gbóná tẹ́lẹ̀, nítorí náà iná tí ẹ̀rọ ń jẹ lórí ẹrù ooru kọ̀ọ̀kan tún ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò fọwọ́ kan rìmóòtù. Nọ́ńbà tí ẹ fi sí nígbà ọyẹ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ sí 28 ní ọ̀sán yẹn ti sọ ìyàtọ̀ di 14, ó ti dín ju ìdá márùn-ún ẹrù kan lọ láìra ohunkóhun. Ògiri amọ̀ nínípọn tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ ní inú ìlú máa ń pẹ́ kí ooru ọ̀sán tó là á já. Ògiri búlọ́ọ̀kù wa kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan náà ni fíríìjì, tó sì burú sí i bí wọ́n bá fún un mọ́ ògiri tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè mí. Èyí tó ń sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú wákàtì kan nígbà ọyẹ́ lè má sinmi rárá ní bazara, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ta omi tútù.

Ohun kẹta ni àwọn ènìyàn kì í fura sí: bátìrì inverter. Bátìrì mẹ́rin tó jẹ́ fóltì 12, áńpíà-wákàtì 200, lè gba iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnítì mẹ́wàá bí wọ́n bá gbẹ tán. Bí iná bá dé lọ́wọ́ alẹ́, tí ọmọdé pariwo ní èdè Haúsá pé “An kawo wuta!”, pé iná ti dé, bátìrì wọ̀nyẹn náà á ya ẹnu. Ẹ ó wo mítà, ẹ ó rí i pé ó ń tàn wìriwìri, ẹ ó sì ní gílóòbù méjì péré la tàn. Iná tí ẹ jẹ lánàá ni ẹ ń san owó rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú èyí tó ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní ìlú tí òòrùn rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, tí Sokoto Energy Research Centre ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ti ń ṣèwádìí lórí agbára òòrùn láti àwọn ọdún 1980, páńẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó máa bọ́ bátìrì yẹn. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é: kí àjẹkù iná òòrùn má ṣe máa padà gba inú mítà jáde sí òpó. Ọ̀pọ̀ mítà kò mọ àlọ yàtọ̀ sí àbọ̀. Wọ́n á ka èyí tí ẹ fi ta ìlú lọ́rẹ mọ́ èyí tí ẹ jẹ, wọ́n á sì yọ yúnítì yín lé e lórí.

A ti kan àwọn ìgbà tí ẹni tó ń kígbe jàre. Iná nílò wáyà méjì: láìfù ló ń gbé e wọlé, níútírà ló ń gbé e padà. Torí pé àwọn olè iná máa ń dọ́gbọ́n sí ọ̀kan nínú wọn, ọ̀pọ̀ mítà tuntun ń wo ìṣàn orí méjèèjì, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n sì ń kà. Ọgbọ́n dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ilé tí ayálégbé mẹ́fà ń gbé. Oníṣẹ́ iná kan fẹ́ fa iná sí yàrá tuntun, wáyà rẹ̀ kò gùn tó, ó yá níútírà yàrá yín lò. Láti ọjọ́ náà lọ, iná aládùúgbò ń gba tirẹ̀ wọlé, ó ń gba tiyín padà. Mítà yín rí i pé orí níútírà pọ̀ ju orí láìfù lọ, ó sì ń kà á sí yín lọ́rùn. Ẹ lè pa gbogbo iná yín, kó ṣì máa tàn fìrí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé yóò dákẹ́ nígbà tí aládùúgbò bá pa tirẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ lè ya wáyà wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ láàárín wákàtì díẹ̀. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ tún wo gílóòbù ẹnu géètì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga: orí mítà ta ni wọ́n wà gan-an?

Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n máa ń fi kan mítà ni pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó fún mi ní báyìí yúnítì lóṣù tó kọjá, kí ló dé tó dínkù? Mítà kò mọ náírà rárá. Kọ̀ǹpútà ẹni tó ta iná ló ti yọ owó orí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó ti yọ gbèsè bó bá wà, tó sì ti fi owó mudu ọjọ́ yẹn pín ìyókù, kó tó di pé nọ́ńbà kankan dé ọwọ́ yín. Owó yẹn kì í jókòó. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó iná, gbé yúnítì kan sí 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtì lójúmọ́. Ní oṣù karùn-ún ó sọ̀ sí 206.80, ní oṣù keje ó tún di 209.50. Ní 225, ẹgbẹ̀rún márùn-ún á ra nǹkan bíi yúnítì 20.7, ní 209.50 á ra 22.2. Àwọn tó wà ní Band mìíràn ní iye tiwọn. Sókótó wà lábẹ́ Kaduna Electric, bíi Kebbi àti Zamfara. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti lè mọ Band tí òpópónà yín bọ́ sí.

Nọ́ńbà ogún tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, tókìn, wú mi lórí ju gbogbo mítà lọ. Ọ̀pọ̀ mítà tó ń gbà á kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Báwo ló ṣe mọ̀ pé ojúlówó ni? Nígbà tí wọ́n ṣe mítà yín, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan sínú rẹ̀, nọ́ńbà gígùn kan tí kò sí nínú mítà ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ta iná náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sanwó, kọ̀ǹpútà á kọ ìwé kúkúrú kan: iye yúnítì, àkókò tí wọ́n tà á, àti àmì kan tí a fi ń mọ̀ bóyá ìwé náà pé. Á fi kọ́kọ́rọ́ mítà yín da gbogbo rẹ̀ rú, á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà ogún. Mítà yín nìkan ló lè tú u padà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí mítà aládùúgbò, ohun tí yóò tú jáde kò ní nítumọ̀, á sì kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí tiyín, mítà á rántí àkókò tó wà nínú rẹ̀, á sì sọ pé wọ́n ti lò ó. South Africa ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990, kó tó tàn káyé.

Àkókò yẹn ló fa wàhálà 2024. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á, láti ọjọ́ kìn-ín-ní 1993, àyè tí wọ́n sì fún un nínú tókìn kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀ lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024 ni àyè náà kún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún àwọn ènìyàn ní tókìn méjì àkànṣe láti tẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé kí wọ́n tó lè tẹ èyí tí wọ́n rà: wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ mítà padà, wọ́n sì ń ní kó bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti 2014. Mítà tí kò gba méjèèjì á máa lo yúnítì tó kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè gba tuntun. Bí ẹ bá ń wọ ilé tó ti ṣófo láti ìgbà yẹn, ẹ béèrè nípa èyí kí ẹ tó ra iná.

Ooru kan náà tó ń jẹ yúnítì ló ń pa mítà. Nínú rẹ̀, àwọn àpò iná kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀, tí omi oògùn díẹ̀ wà nínú wọn. Bí ara wọn bá gbóná, omi náà á máa gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Òfin àwọn ẹnjiníà ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín sí ìdajì. Ojú mítà náà ní omi tirẹ̀, ìyẹn ló ń ya nọ́ńbà tí ẹ ń kà. Bí òòrùn bá pa á ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ojú rẹ̀ á dúdú. Ẹ má pè é ní òkú. Ẹ dúró di alẹ́, bó bá tutù tán á sábà padà. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló burú jù fún mítà, nítorí ìgbà tí atẹ́gùn ìlú gbóná jù gan-an ni òòrùn á tún máa wò ó lójú kòrókòró. Ẹ bẹ àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e kọ́ kí wọ́n wá ibi òjìji. Bí ó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi páànù ṣe ìbòrí sí i lókè, kí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ṣí fún atẹ́gùn. Nylon tí àwọn ènìyàn ń fi wé mítà nítorí òjò ń ṣe ibi méjì: ó ń sé ooru mọ́ ọn, ó sì ń sé omi tó bá yọ́ wọlé mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jó mítà jù, bí ẹ bá bi àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀, ni sukúrúù tó tú. Wáyà tó ti orí òpó wá sábà jẹ́ alumíníọ́mù, idẹ ni ojú ibi tí wọ́n ti dè é. Ní Sókótó, ọ̀sán ń jó, òru a sì tutù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Lójoojúmọ́ ni wáyà ń wú tó sì ń sún kì. Alumíníọ́mù ń wú ju idẹ lọ, ìdè náà á máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tú, ibi tí wáyà ti fara kan idẹ á kéré, gbogbo iná ilé á fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ á gbóná, ooru náà á mú wáyà wú sí i, á sì tú ìdè sí i. Ó lè lo oṣù bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ láìsí ìró. Lẹ́yìn náà òórùn ike jíjó á jáde, tàbí gílóòbù á máa dínjú bí ẹ bá tan ẹ̀rọ ńlá, tàbí ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń ta ṣàkàṣàkà nínú ìdí mítà, tàbí ike ìsàlẹ̀ á ní àwọ̀ iná. Ẹ má fa sukúrúù yẹn fúnra yín: èdìdì wà lórí ibẹ̀, iná orí òpó sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí súwíìṣì tí ẹ lè fi pa á. Ẹ pa súwíìṣì ńlá ilé, kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an.

Eruku ọyẹ́ kò ṣe nǹkan kan fún mítà bó bá gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tí iná lè gbà kọjá, nítorí náà ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ara rẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí. Kí ẹ má lo omi o, kí ẹ má sì fi pẹtiróòlù nu ojú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí páìpù wáyà ti wọ ọ́. Bí ihò bá wà, ọmọńlé, èèrà àti agbọ́n tó ń mọ ilé ẹrẹ̀ á wọ̀ ọ́ kẹ́yìn yín. Mítà àwọn mìíràn sì wà lórí òpó níta, tó jẹ́ pé pátákó ìtẹ̀ nìkan ló wà nínú ilé. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, tí ìyẹn bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, bó bá ń lo bátìrì, ẹ sì tún kì í bọ ojú iná mìíràn nínú yàrá kí ẹ tó sọ pé mítà ti kú.

Bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ omi, kí ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó dé kí ẹ tó tan wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Súwíìṣì inú mítà ní ìwọ̀n ìṣàn tó lè gbé, ọ̀pọ̀ jẹ́ áńpíà 60 tàbí 80, ẹ̀rọ tó ní mọ́tò sì máa ń fa ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ nígbà tó bá ń jí. Iná tó ń dé tún máa ń gbé ìtì àṣejù wá. Ohun kan wà nínú mítà tó ń gba irú ìtì bẹ́ẹ̀ mọ́ra, àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá gbà á ló ń rẹ̀ ẹ́ sí i, títí ọjọ́ kan tí àrá kan á fi mú un lọ.

Àwọn tó ṣe mítà ti mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ tú u. Abẹ́ ìbòrí rẹ̀ ni nǹkan kékeré kan wà tó ń mọ̀ bí ìbòrí bá ṣí, bátìrì ló sì ń lò, kódà nígbà tí iná kò sí. Bó bá ṣí, mítà á kọ ọjọ́ àti wákàtì sílẹ̀, á ti iná pa, kò sì ní ṣí padà àfi bí ilé-iṣẹ́ iná bá fi tókìn tirẹ̀ tú u sílẹ̀, lẹ́yìn ìbéèrè tí kò dùn ún dáhùn. Ó dára kí ẹ mọ̀ pé mítà ní iye àpapọ̀ kan tí kò ní í ṣe pẹ̀lú yúnítì tó kù: gbogbo ohun tó ti kà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́, tí kì í padà sẹ́yìn. Nọ́ńbà kúkúrú tí ẹ máa tẹ̀ láti rí i wà nínú ìwé tó bá mítà wá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó jẹ́, sẹ́yìn ilẹ̀kùn tàbí níbi tí ọmọdé kò ti ní pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mítà sókè rẹ̀. Bí ẹ bá pe ilé-iṣẹ́ iná pé mítà ń sáré, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.